Ẹyẹ Ẹlẹ́nu Títẹ̀ Inú Ẹrẹ̀ Màhìn: Ìrìn-àjò Láti Àkúrẹ́ Dé Ayétòrò

Ọjọ́rú, Àkúrẹ́

Ọyẹ́ oṣù Kìíní ti dé. Ọ̀la la ó gbéra lọ sí etíkun Ìlàjẹ láti lọ wo àwọn ẹyẹ tó ń ti òkèèrè wá jẹun nínú ẹrẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ mú Dúpẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, lọ sí etí odò Àlà ní ìdájí òní. Mo fẹ́ kó mọ bí a ṣe ń wo ẹyẹ etí omi kó tó débi tí wọ́n ti pọ̀. Ẹni tó bá fi àwọ̀ bẹ̀rẹ̀ á ṣìnà. Ẹ̀yìn wọn láwọ̀ erùpẹ̀, inú wọn funfun tàbí kó ní àmì tóótòòtó, oòrùn á tún mú kí gbogbo wọn dúdú lójú ẹni. Ìṣe wọn ni kò jọra: bí wọ́n ṣe ń rìn, bí wọ́n ṣe ń wá oúnjẹ, bí wọ́n ṣe ń fò àti bí wọ́n ṣe ń ké.

Èyí tí mo fẹ́ fi hàn án wà lórí òkúta kan lábẹ́ afárá. Common sandpiper ni àwọn onímọ̀ ẹyẹ ń pè é, Actitis hypoleucos ní èdè Látìn. Láti ẹnu dé ìrù, sẹ̀ǹtímítà 18 sí 20 ni. Ìdí rẹ̀ kì í sinmi: bó ń rìn, bó ń ṣa kòkòrò jẹ, bó dúró, ṣe ni ìdí yẹn ń lọ sókè sódò. Dúpẹ́ rí ìdí tó ń mì náà kó tó rí ẹyẹ fúnra rẹ̀. Nígbà tó fò, kò gòkè. Ó fò mọ́ ojú omi, ó gbọn apá rẹ̀ díẹ̀, ó nà án gbọnrangandan bó ti ń yọ́ lọ, ó tún gbọ̀n ọ́n, ìlà funfun sì hàn gedegbe lórí apá náà. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó ń ké ṣáá títí ó fi bà ní òdìkejì. Bó bá gbà kí a sún mọ́ ọn, àmì kan tún wà tó dára púpọ̀: funfun inú rẹ̀ yọ gòkè síwájú apá, láàárín àyà àti èjìká.

“Àǹtí, ṣé òun nìkan ló wà níbí ni?”

A rìn lọ létí odò, a kò rí òmíràn àfi nígbà tí a kọjá ibi tí odò ti yí. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn lásìkò tó bá wà lọ́dọ̀ wa: olúkúlùkù ní etí omi tirẹ̀, á sì lé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó bá yà síbẹ̀. Kì í pamọ níbí. Etí odò àti adágún ní Yúróòpù àti Éṣíà ló ti ń yé ẹyin mẹ́rin, á bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọ̀dọ̀ wa láti nǹkan bí oṣù Keje tàbí Kẹjọ, á sì padà ní oṣù Kẹta tàbí Kẹrin. Àwọn tó ń fọ aṣọ nítòsí ń wò wá. Mo gbé awò mi fún ìyá kan nínú wọn. Ó wo ẹyẹ náà pẹ́, ó ní òun ń rí i lójoojúmọ́, òun kò kàn mọ̀ pé àlejò ni.

Ọjọ́bọ̀, ojú ọ̀nà

A kúrò ní Àkúrẹ́ kí oòrùn tó mú. Ní Ọ̀wẹnà, mo bẹ awakọ̀ pé kó jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ nítòsí odò. Omi ti fà, ó ku kòtò omi kéékèèké lẹ́bàá rẹ̀, ẹyẹ kan sì gbéra nínú ọ̀kan pẹ̀lú igbe. Green sandpiper ni. Nígbà tó fi ẹ̀yìn sí wa, ìdí rẹ̀ funfun báláú, abẹ́ apá rẹ̀ sì dúdú. Abẹ́ apá yẹn ló ṣe pàtàkì, nítorí pé ẹyẹ kan wà tó jọ ọ́, wood sandpiper, tí ìdí tirẹ̀ náà funfun. Ṣùgbọ́n abẹ́ apá tirẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ní tóótòòtó, ìlà funfun gígùn sì wà lókè ojú rẹ̀. Green sandpiper tí a rí yìí kò sì fò bíi ti odò Àlà. Ó gòkè tààrà, ó yí lọ sápá kan, ó yí bọ̀ sí ìkejì, ó sì lọ jìnnà kó tó bà.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu jù nípa green sandpiper ni ibi tó ń yé sí. Ẹyẹ ẹrẹ̀ ni, ṣùgbọ́n nínú igbó àríwá Yúróòpù àti Éṣíà, orí igi ló ń gùn lọ, á wá ìtẹ́ tí ẹyẹ mìíràn ti fi sílẹ̀, á sì pamọ sínú rẹ̀.

Oǹdó, Òrè, Òkìtìpupa. Ọ̀nà burú níbì kan, ó dára níbì kan. Ìrọ̀lẹ́ la dé Ìgbókòdá, a wá ilé àlejò kan nítòsí ọjà, a jẹ ẹ̀bà pẹ̀lú ẹja tútù, a sùn.

Ọjọ́ Ẹtì, Ìgbókòdá sí Ayétòrò

Bàbá tí yóò wa ọkọ̀ fún wa ti ń dúró ní etí omi. Àgbà apẹja ni. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ṣàlàyé ohun tí a bá wá, pé a fẹ́ wà níbi tí ẹrẹ̀ bá ti yọ nígbà tí omi bá fà.

“Tòní ti bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́,” ni ó wí. “Ẹ ó dé ibẹ̀, omi á ti ń kún. Ọ̀la, bí aago mẹ́jọ àárọ̀, omi á ti fà tán.”

Bàbá kò wo ìwé, kò wo fóònù. Létíkun wa, omi ń kún lẹ́ẹ̀mejì, ó ń fà lẹ́ẹ̀mejì, láàárín ọ̀sán àti òru. Wákàtí mẹ́fà àti díẹ̀ ló wà láàárín kíkún àti fífà. Lójoojúmọ́, gbogbo rẹ̀ ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ ju ti àná lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹyẹ etíkun gbọ́dọ̀ mọ èyí kó tó mọ orúkọ ẹyẹ kankan, nítorí pé kì í ṣe oòrùn ni ẹyẹ wọ̀nyí ń tẹ̀ lé. Bí omi bá fà ní òru, òru ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹun.

Ọkọ̀ gba àárín koríko àti igi ẹ̀gbà tó ta gbòǹgbò sínú omi. Ilé orí òpó ń kọjá lọ́tùn-ún lósì, àwọn ọmọdé ń juwọ́ sí wa. Mo sọ fún Dúpẹ́ ìdí tí a fi wá síbí tí a kò lọ sí etíkun Èkó tí ọ̀nà rẹ̀ dán. Yanrìn ló wà lọ́hùn-ún. Ti Màhìn níbí jẹ́ ẹrẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó pín etíkun Nàìjíríà sí ìsọ̀rí fún apá yìí ní orúkọ tirẹ̀, etíkun ẹrẹ̀ Màhìn, èyí tó wà láàárín etíkun oníyanrìn ti ìhà Èkó àti agbègbè Niger Delta. Inú ẹrẹ̀ ni akàn àti ekòló ń gbé, oúnjẹ ẹyẹ sì nìyẹn.

A dé Ayétòrò ní ọ̀sán. Ọdún 1947 ni àwọn onígbàgbọ́ kan tẹ ìlú yìí dó, tí wọ́n jùmọ̀ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n jùmọ̀ ń jẹ, tí òkìkí wọn sì kàn káàkiri. Òkun ti wó ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀. Obìnrin tó gbà wá sílé na ọwọ́ sí àárín omi, ó ní ibẹ̀ ni ilé bàbá òun wà. Mo wo ibi tó nà sí. Ìgbì nìkan ló wà níbẹ̀. N kò lè kọ̀wé nípa ẹyẹ ibí yìí kí n fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀: ilẹ̀ kan náà ni èèyàn àti ẹyẹ ń pàdánù.

Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, a gbọ́ ọ. Igbe kan ni, ó yára, ó ń gbọ̀n, bíi méje tẹ̀ léra wọn, gbogbo rẹ̀ lóhùn kan náà, kò gòkè, kò sọ̀. Òjìji ẹyẹ kan kọjá lórí wa, ó forí lé ìhà igi ẹ̀gbà. Mo sọ fún Dúpẹ́ pé kó kọ igbe yẹn sílẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ kó tó sùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, inú ẹrẹ̀

Bàbá ti ọkọ̀ wọ inú ọ̀sà kékeré kan lẹ́yìn ìlú kí aago méje tó lù. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó ń fi àjẹ̀ wà wá. Omi ń fà lójú wa. Ẹrẹ̀ yọ, ó ń dán, kò sì pẹ́ tí ihò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára rẹ̀, lẹ́yìn náà àwọn tó ni ihò: akàn wẹ́wẹ́, akọ wọn ní ọwọ́ ńlá kan ṣoṣo tó ń jù sókè, tó ń jù sílẹ̀. Afruca tangeri lorúkọ rẹ̀, òun nìkan sì ni irú akàn ọlọ́wọ́-ńlá bẹ́ẹ̀ tó wà ní gbogbo etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

Ẹyẹ náà ti wà níbẹ̀ kí a tó rí i. Ó dúró lórí ẹrẹ̀ tí kò yàtọ̀ sí àwọ̀ ara rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ló tú u fó: ó gùn, ó sì tẹ̀ wálẹ̀ bíi dòjé.

“Ìwọ wò ó, kó o sọ fún mi,” ni mo sọ fún Dúpẹ́, mo gbé awò fún un.

Ó ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lékeléke. Ó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ rí bí eérú. Ó ní ìlà wà lórí rẹ̀. Mo ní irú ìlà wo? Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn, nítorí pé ẹyẹ náà kọ ẹ̀yìn sí wa. Nígbà tó tẹ orí wálẹ̀, ó rí i: ìlà dúdú méjì ní àtàrí, èyí tó mọ́lẹ̀ láàárín wọn, àti òmíràn tó mọ́lẹ̀ lókè ojú. Ìyẹn ni whimbrel, Numenius phaeopus, sẹ̀ǹtímítà 40 sí 46.

Ẹyẹ méjì kan lè mú kí èèyàn ṣiyèméjì. Ọ̀kan ni Eurasian curlew, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó tóbi jù ú lọ, orí rẹ̀ kò ní ìlà, ẹnu rẹ̀ lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15, ó sì tẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹnu whimbrel kò ju sẹ̀ǹtímítà 6 sí 9 lọ. Ó máa ń lọ tààrà ná, lẹ́yìn náà ló máa ń tẹ̀ lójijì nítòsí ṣóńṣó. Ìkejì ni bar-tailed godwit, tí ẹnu tirẹ̀ gùn ṣùgbọ́n tó yọ́ yí sókè. Bí oòrùn bá kọjú sí ọ tí ìlà orí kò hàn, wo bó ṣe ń jẹun. Godwit á dúró létí omi, á máa gún ẹrẹ̀ léraléra, nígbà míràn títí ẹrẹ̀ á fi kan ojú rẹ̀, nítorí pé ẹnu ló fi ń wá ohun tó wà nísàlẹ̀. Whimbrel kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú ló fi ń ṣọdẹ.

A jókòó tì í títí ẹsẹ̀ wa fi kú. Á rìn díẹ̀, á dúró, á na ọrùn. Bí akàn kan bá jìnnà sí ihò rẹ̀, á sáré lọ bá a lójijì. Bí akàn bá wọlé, á ti ẹnu bọ ihò, á sì yí orí sápá kan, nítorí pé ihò akàn kò lọ tààrà. Nígbà tó fa ọ̀kan jáde, ẹrẹ̀ bo akàn náà; ó gbé e lọ sínú omi tó ṣẹ́kù nínú kòtò kan, ó fi omi ṣàn án, ó gbọ̀n ọ́n, ọwọ́ ńlá já bọ́, ó gbé ìyókù mì. Èépá akàn tí kò bá dà nínú rẹ̀, á pọ̀ ọ́ jáde lẹ́yìn náà ní ìdì kékeré. Bàbá fi àjẹ̀ nà sí irú ìdì bẹ́ẹ̀ lórí gbòǹgbò kan, ó ní òun rò tẹ́lẹ̀ pé ìgbẹ́ ẹyẹ ni. Mo tú u wò lórí ìwé: èékánná akàn, èépá ẹsẹ̀, yanrìn díẹ̀.

Òmíràn fò wá, ó fẹ́ bà. Ẹni wa sáré sí i, ó tẹ orí, ó ké, ó lé e dànù. Nígbà tí àlejò náà fò kọjá ni Dúpẹ́ rí funfun tó ti ìdí rẹ̀ lọ sókè dé àárín ẹ̀yìn ní ṣóńṣó, tó sì gbọ́ igbe alẹ́ àná lẹ́ẹ̀kan sí i, ní ojúmọmọ, láti ẹnu ẹni tó ni ín. Ó ṣí ìwé, ó fi ohun tó kọ wé e. Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Bàbá ti dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ní:

“Ọmọ mi, láti kékeré ni mo ti mọ ẹyẹ yìí. N kò rí ẹyin rẹ̀ rí. N kò rí ìtẹ́ rẹ̀. Níbo ló ń bímọ sí?”

Mo sọ fún un. Àwọn tó ń wá sí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ń ti Iceland wá, wọ́n ń ti Scandinavia àti Rọ́ṣíà wá, ilẹ̀ tí igi kò pọ̀ níbẹ̀, tí oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ má wọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Inú koríko nílẹ̀ ni ìyá ń yé ẹyin mẹ́rin sí, akọ àti abo sì jọ ń sàba. Àwọn onímọ̀ so ẹ̀rọ kékeré mọ́ díẹ̀ lára àwọn ti Iceland, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2016: ẹyẹ náà gbéra níbẹ̀ lẹ́yìn ìgbà ìtọ́mọ, ó fò lórí òkun fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún láìbà síbì kankan, nǹkan bí kìlómítà 3,900, fún òmíràn nǹkan bí 5,500, kó tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

“Láìjẹun?”

“Láìjẹun, Bàbá. Ọ̀rá ara rẹ̀ ló ń lò.”

Ó wo ẹyẹ tó ń fọ akàn rẹ̀. “Ẹ jẹ́ ká sún sẹ́yìn díẹ̀,” ló wí, ó sì fi àjẹ̀ ti ọkọ̀ kúrò, “ká má ba oúnjẹ jẹ́ mọ́ ọn lẹ́nu.”

Ọjọ́ Àìkú, nígbà tí omi kún

Àárọ̀ jẹ́ ti ìjọsìn, a bá wọn lọ. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, omi ti ń kún gan-an, Bàbá sì wà wá lọ sí ibi tó ní àwọn ẹyẹ náà ń sinmi sí. Kò sí ẹrẹ̀ tó ṣẹ́kù. Gbogbo àwọn tó ń lé ara wọn lánàá ti kó jọ sórí ẹ̀ka igi ẹ̀gbà, wọ́n fara ti ara wọn, àwọn kan dúró lẹ́sẹ̀ kan, àwọn kan ti ẹnu bọ ìyẹ́ ẹ̀yìn. Ìṣe ẹyẹ kan náà, àárọ̀ àti ọ̀sán, yàtọ̀ pátápátá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń jẹun, kó wá nígbà tí omi bá fà. Ẹni tó bá fẹ́ kà wọ́n, kó wá nígbà tó bá kún.

Bàbá tún ní ọ̀rọ̀ kan tó ti ń dùn ún lọ́kàn. Ó ní bí wọ́n bá ń padà lọ bímọ, báwo lòun ṣe ń rí díẹ̀ nínú wọn láàárín òjò, nígbà tí gbogbo ìyókù ti lọ? Ó ní òun rò pé aláìsàn ni wọ́n.

Ìbéèrè tó dára jù lọ tí mo gbọ́ ní gbogbo ìrìn-àjò yìí nìyẹn. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe aláìsàn. Ọmọ ni wọ́n. Whimbrel tó kọ́kọ́ dé Áfíríkà lẹ́yìn tó jáde nínú ẹyin kì í sábà padà ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Á dúró níbí, á máa dàgbà títí ọjọ́ orí rẹ̀ á fi tó ìtọ́mọ. Nítorí náà, ẹrẹ̀ Màhìn kì í ṣe ibi tí àwọn àgbà ń yà sí lásán. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ń gbé látòjò dé ẹ̀ẹ̀rùn.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mìíràn fún un, tó burú. Ẹyẹ kan wà nínú ìdílé whimbrel yìí, slender-billed curlew, tó máa ń ti Síbéríà lọ lo ìgbà òtútù létí òkun Mẹditaréníà. Oṣù Kejì ọdún 1995 ni wọ́n rí i kẹ́yìn tó dájú, ní Merja Zerga, ní Mòrókò. Àwọn èèyàn wá a káàkiri fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò sí mọ́. Àwọn onímọ̀ gbà pé ìbọn àwọn ọdẹ àti àbàtà tí àwọn èèyàn mú gbẹ wà lára ohun tó pa á run. Kí wọ́n tó mọ̀ pé ó ń tán, àwọn tó lè dá a mọ̀ láàárín àwọn ìbátan rẹ̀ kò pọ̀ tó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń yọ Dúpẹ́ lẹ́nu lórí ìlà orí, ìgùn ẹnu àti igbe. Ẹyẹ tí a kò lè yà sọ́tọ̀, a kò lè kà á, kò sì sí bí a ṣe máa mọ̀ bó bá ń dín kù.

Ọjọ́ Ajé, Ìgbókòdá

A ti padà sí Ìgbókòdá, à ń dúró kí ọkọ̀ kún. Dúpẹ́ ń fi àkọsílẹ̀ wa ránṣẹ́ láti orí fóònù sí Nigerian Bird Atlas Project, iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2015 láti mọ ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan wà ní orílẹ̀-èdè yìí. Wọ́n pín gbogbo Nàìjíríà sí igun mẹ́rin kéékèèké tí wọ́n ń pè ní pentad, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí kìlómítà 9 ní òró àti ní ìbú. Ẹnikẹ́ni tó bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lè kópa: a ó wà nínú igun kan fún wákàtí méjì ó kéré tán, a ó sì kọ orúkọ ẹyẹ bí a ṣe ń rí wọn ní tẹ̀léńtẹ̀lé.

Kí a tó dágbére, mo bẹ Bàbá pé kó bá wa ka àwọn whimbrel tó bá dúró láàárín òjò, ó sì gbà. Oṣù Kẹfà ni mo yàn fún un. Ní oṣù Kẹrin, àwọn kan á ṣì ń kọjá lọ sí àríwá. Bó bá sì di ìparí oṣù Keje, àwọn àgbà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà dé, a kò ní mọ ẹni tó dúró mọ́. Ní oṣù Kẹfà, gbogbo àgbà tó ń tọ́mọ wà lọ́hùn-ún. Èyí tó bá wà lórí igi ẹ̀gbà náà nígbà tí omi bá kún, ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ ọmọ. Bàbá á kà wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà tó bá ń bọ̀ láti ibi àwọ̀n, ọmọ rẹ̀ obìnrin á sì fi iye wọn ránṣẹ́ sí Dúpẹ́.

“Ẹlẹ́nu títẹ̀ nìkan?” ló bi mí.

Mo ní kó ka godwit náà mọ́ ọn bó bá rí i, ṣùgbọ́n kó kọ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

“Èyí tí ẹnu rẹ̀ yọ́ yí sókè, tó ń gún ẹrẹ̀,” ni Bàbá wí. “Mo ti mọ̀ ọ́n.”